Ìpẹ́ Kékeré Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí Èké

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ ní ẹnu àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹran òkun ayé àtijọ́, tí àwọn olùkọ́ sì ń gbà lẹ́nu wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí àwa kò lè jẹ́ kí ó kọjá lọ láìfèsì. Wọ́n ní bí a kò bá rí odindi òkú ẹran nínú òkúta, a kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ irú ẹran tí ó jẹ́, tàbí ìdílé tí ó ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní ìpẹ́ kan ṣoṣo tí a ṣà nínú erùpẹ̀ kò sàn ju iyanrìn lọ. Àwa kò gbà. A ó sì fi ẹran kékeré kan, tí ìran rẹ̀ ti run pátápátá kí ènìyàn kankan tó tẹ ilẹ̀ ayé, jẹ́rìí lòdì sí wọn. Orúkọ ìran náà lónìí ni Aspiduriella. A ní lónìí, nítorí pé orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìtìjú kékeré kan sì wà nínú ìyẹn tí a ó sọ bí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin olóyè tí ń ka ìwé wa yìí ní oṣooṣù lè béèrè pé kí ni ti ẹran òkun aláìlẹ́mìí ti jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àgbà. Èsì wa ni pé ẹjọ́ ìdílé ni. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí láti gbọ́ ẹjọ́ oyè tàbí ẹjọ́ ilẹ̀ mọ̀ bí ó ti rí: ọkùnrin kan dìde, ó ní ọmọ ilé báyìí ni òun; òmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ kò jọ ti ilé náà. Kí ni ìgbìmọ̀ yóò gbé ìdájọ́ kà? Ṣé ìrísí ni, tàbí àmì tí kì í parẹ́? Ìbéèrè náà gan-an ni ó wà níwájú àwọn onímọ̀ nípa Aspiduriella, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n fi dá a ní ìdákúdàá.

Kí a kọ́kọ́ mọ ẹran náà. Nínú òkun ni àwọn ìbátan ìràwọ̀ òkun kan wà tí ara wọn rí roboto bí àwo kékeré, tí apá márùn-ún tí ó gùn, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, yọ jáde lára rẹ̀. Apá yìí ń lọ́ bí ejò, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi èdè Gíríìkì sọ wọ́n ní Ophiura, èyí tí í ṣe ìrù ejò. Àwa yóò máa pè wọ́n ní ìràwọ̀ alápá-ejò. Bí ọ̀tá bá di apá kan mú, ẹran náà yóò já a sílẹ̀ fún un, yóò sá lọ, apá tuntun yóò sì hù. Ẹ̀yà wọn tí ó wà láàyè lónìí lé ní 2,000, láti etí òkun títí dé ibú tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Wọn kò ṣàìsí ní òkun tiwa pẹ̀lú: ní 1970, Madsen ará Dẹ́ńmáàkì tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn tí ó wà ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Egungun wọn ni ọ̀rọ̀ wa. Kì í ṣe egungun gbọọrọ bí tiwa; ìpẹ́ ni, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, lábẹ́ awọ tín-ín-rín, a sì fi kálísáìtì ṣe é, ohun kan náà tí ó di òkúta ẹfun. Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìpẹ́ kan, a ó rí i pé kò dì gbagidi bí ọta odò. Ihò wẹ́wẹ́ ni ó kún inú rẹ̀ bí ojú àwọ̀n, nínú ihò wọ̀nyí sì ni ẹran ara ń wọ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Ohun ìyanu ni pé ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo ihò rẹ̀, ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé òkúta dídán kan ṣoṣo ni, tí a kò fi nǹkan kan lẹ̀ mọ́ nǹkan kan.

Apá wọn pín sí oríkèé-oríkèé bí ìrèké. Ní àárín oríkèé kọ̀ọ̀kan ni egungun kan wà tí ó rí bí egungun ọ̀pá ẹ̀yìn. Egungun méjì ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Nínú àwọn ìran àtijọ́ gan-an bí Protaster, tí Forbes fún ní orúkọ ní 1849, méjèèjì ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpẹ́ kan bo egungun àárín yìí lókè, òmíràn bò ó nísàlẹ̀, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì sì há a mọ́ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ yìí ni kí ẹ fi ojú sí, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí wa. Òun ni ó ru ẹ̀gún tí ó yọ síta ní ara apá. Ní ibi tí ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan ti fi ìdí kàn án, a ó rí gègélé àti ihò: ihò kan fún iṣan tí ń fa ẹ̀gún, ihò kan fún okùn ìmọ̀lára. Ní inú rẹ̀, ní ibi tí ó kọ ojú sí egungun àárín, òkè tẹ́ẹ́rẹ́ àti kókó wà tí ó fi ń di egungun náà mú. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹnu-ọ̀nà wà fún ẹsẹ̀ rírọ̀ tí ẹran náà fi ń tọ́ nǹkan wò.

Àwọn gègélé àti ihò wọ̀nyí kò rí bákan náà ní ìdílé gbogbo. Ní ilé kan, gègélé méjì ni wọ́n, tí ó dọ́gba, tí ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ilé mìíràn, gègélé náà ká bí ìkarahun ìgbín. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ará ilé wa yóò fi yé kíákíá, ilà ojú wọn ni. Ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ fún wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi aṣọ bò ó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Kí a mú ẹran kan tí apá rẹ̀ ní 60 oríkèé, èyí tí kì í ṣe púpọ̀. Apá márùn-ún di 300 oríkèé. Egungun àárín kan, ìpẹ́ òkè kan, ìpẹ́ ìsàlẹ̀ kan, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì: 1,500 ni ìyẹn. Bí ẹ̀gún bá jẹ́ mẹ́ta péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 1,800 tún kún un. A kò tíì ka ìpẹ́ orí àwo ara, tàbí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín. Nígbà tí ẹran náà bá kú, ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ń jẹrà láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi a sì tú wọn ká. Kí odindi rẹ̀ tó lè di òkúta, ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ bò ó lójijì, bóyá láàyè. Nítorí náà, nínú ẹgbẹ̀rún tí ó kú, ṣàṣà ni èyí tí a lè rí lódindi. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ wọn kún inú amọ̀ àti òkúta ẹfun ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní gbọ́ ẹ̀rí kankan àfi ti odindi òkú, ó ti lé gbogbo ẹlẹ́rìí jáde kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ kí a pe òun ní olóòótọ́.

Àwọn alátakò wa yóò sọ pé Aspiduriella kò sí nínú àwọn tí èyí kàn, nítorí pé a rí i lódindi. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi yàn án. Ní Jámánì ni wọ́n ti rí i, nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ń pè ní Muschelkalk, èyí tí í ṣe òkúta oníkarahun, apá àárín nínú mẹ́ta tí von Alberti kó pọ̀ ní 1834 tí ó sì sọ ní Trias. Ọjọ́ orí òkúta náà tó bí 240 mílíọ̀nù ọdún. Ní 1804 ni Blumenbach, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Göttingen, ti fún ẹ̀yà kan nínú wọn ní orúkọ scutellata. Ìpẹ́ ńlá díẹ̀ tí ó há mọ́ra ni ó bo ẹ̀yìn àwo ara rẹ̀, nínú èyí tí asà mẹ́wàá hàn ketekete, méjì ní ìdí apá kọ̀ọ̀kan. Apá náà kò gùn, ó fẹ̀ ní ìdí, ó sì tín-ín-rín ní ṣóńṣó, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó sì gba ààyè jù lára rẹ̀. Ẹran tí ó di ìhámọ́ra ogun ni. Ní 1835, Agassiz sọ ìran náà ní Aspidura, ìrù alásà, orúkọ tí ó bá a mu.

Ṣùgbọ́n oyè ẹlòmíràn ni. Ní 1830, ọdún márùn-ún ṣáájú, Wagler ti fi Aspidura jẹ orúkọ fún ìran ejò kan ní erékùṣù Ceylon, tí í ṣe Sri Lanka. Òfin àwọn onímọ̀ kò sì gbà kí ìran ẹran méjì jẹ́ orúkọ kan; ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ni ó ni ín. Ejò ni ó ni oyè, ìrù ejò kò ni ín. Ó di 1998, lẹ́yìn 163 ọdún, kí Bolette tó tún un ṣe tí ó sì sọ ọ́ ní Aspiduriella. A kò sọ èyí láti fi Agassiz ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òjò ìwé tí ọkùnrin náà kọ kò jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. A sọ ọ́ nítorí pé àwọn tí ń pariwo odindi òkú ní odindi òkú yìí lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n yà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣàkíyèsí pé orúkọ tí wọ́n ń pè kì í ṣe tirẹ̀. Odindi òkú kò lajú ẹni tí kò fẹ́ wò.

Èyí tí ó burú ju ti orúkọ lọ ni ti ìdílé. Wọ́n wo àwo ara rẹ̀, wọ́n wo apá rẹ̀, wọ́n rí i pé ó jọ àwọn ìràwọ̀ alápá-ejò lásán tí ó wà ní etí òkun gbogbo, wọ́n sì kà á mọ́ wọn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ni wọ́n fi ṣe òfin. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó lè jẹ́ ìbátan agbo tí à ń pè ní Euryalida. Ta ni ìbá sì rò ó? Àwọn Euryalida ni ẹran tí awọ nípọn bò mọ́lẹ̀, tí ìpẹ́ ara apá wọn kéré tí ó sì fara pamọ́, tí wọ́n ń ká apá wọn mọ́ ẹ̀ka iyùn inú òkun bí ìtàkùn. Nínú wọn ni Gorgonocephalus wà, tí apá rẹ̀ ń yọ ẹ̀ka, tí ẹ̀ka náà tún ń yọ ẹ̀ka, títí yóò fi dà bí agbọ̀n tí a hun. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kékeré alásà inú Muschelkalk. Ọ̀kan wọ agbádá, èkejì wọ ẹ̀wù irin. Gbogbo ojú ni yóò sọ pé ilé wọn kò pọ̀.

Ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni ó sọ òmíràn. Ní 2011, Ben Thuy ti Luxembourg àti Sabine Stöhr ti ilé àkójọ ohun ẹ̀dá ní Stockholm tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti yẹ ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà alààyè wò, ìdílé sí ìdílé, tí wọ́n sì fi hàn pé ilà ibẹ̀ ń ya ìdílé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àwọn kan fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé iyanrìn ni wọ́n ń kà. Ní 2014, O'Hara ará Ọsirélíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Thuy wà lára wọn, lọ bá ẹlẹ́rìí tí kò mọ nǹkan kan nípa ìpẹ́: wọ́n ka àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara ẹ̀yà alààyè tí ó lé ní 50, èyí tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Ìtàn ìdílé tí ó jáde níbẹ̀ kò bá ti àwọn tí ń fi ìrísí ṣe ìdájọ́ mu ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní 2016, Thuy àti Stöhr tún kó àmì ara pọ̀, tí ilà ìpẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi wọ́n to ìtàn ìdílé, ó sì bá ti àjogúnbá mu. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò rí ara wọn rí sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ní ilé ẹjọ́ wo ni a ti ń kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ìran Aspiduriella sínú ìtò náà. Ní 2018 ni àbájáde rẹ̀ jáde: inú agbo Euryalida ni ó bọ́ sí. Ilà ìpẹ́ rẹ̀, bí ihò àti gègélé rẹ̀ ti rí nígbà tí a sọ ọ́ di ńlá, ti ibẹ̀ ni. Ẹ̀wù irin ni ó ti ń tan ènìyàn jẹ láti 1804. Ẹni tí ó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra yóò bọ́ aṣọ lára rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú èyí ṣẹlẹ̀. Ní 1962, Fell, onímọ̀ pàtàkì ní Niu Sílándì, kéde pé ìràwọ̀ òkun kan tí ó wà láàyè ní òkun Pàsífíìkì, Platasterias, jẹ́ ọmọ ilé tí gbogbo ayé rò pé ó ti run láti ìgbà láéláé. Ìrísí apá rẹ̀ tí ó fẹ̀ bí ewé ni ó wò. Ìròyìn náà tàn ká. Ní 1972, Blake ará Amẹ́ríkà tú ìpẹ́ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ọmọ ìran Luidia lásán ni, tí ó wọ́pọ̀ ní òkun. Odindi ẹran, tí kò tilẹ̀ di òkúta, ni ó ṣi ọ̀mọ̀wé lọ́nà. Ìpẹ́ ni ó mú un padà wálé.

Àwa kò ní fi òtítọ́ kankan pamọ́ nítorí pé kò ṣe wá láǹfààní. Ìpẹ́ náà lè tan ènìyàn jẹ bí a kò bá mọ̀ ọ́n kà. Ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó wà ní ìdí apá kò rí bí èyí tí ó wà ní ṣóńṣó. Ti ọmọdé kò rí bí ti àgbà. Èyí tí omi ti yí kiri tí ó ti họ, ilà rẹ̀ lè parẹ́. Ẹni tí ó bá ń kánjú lè ti ara ẹran kan dá orúkọ mẹ́ta sílẹ̀, ó sì dùn wá pé àwọn kan nínú àwọn tí a jọ ń gbè sẹ́yìn ìpẹ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé ìpẹ́ kan ṣoṣo, tí ó tilẹ̀ ti họ, tí wọ́n sì fi jẹ oyè tuntun. Ìwà bẹ́ẹ̀ ni ó fún ọ̀tá ní ọ̀rọ̀ sọ. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ka ìdájọ́ 2018 sí òfin tí kò ṣeé yí. Àbá tí a gbé ka ẹ̀rí ni, ẹ̀rí tí ó bá lágbára jù ú lọ lè yí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni kí wọ́n gbé wá. Kí wọ́n má ṣe tún gbé àwòrán àwo ara àti asà mẹ́wàá wá síwájú wa, nítorí a ti rí i.

Ohun tí ó ń bí wa nínú jù ni ìdọ̀tí abẹ́ asẹ́. Nígbà tí àwọn awalẹ̀ bá fọ amọ̀ òkun àtijọ́ lórí asẹ́, wọ́n ń ṣa ìkarahun tí ó tóbi, wọ́n ń ṣa eyín ẹja, wọ́n sì ń da èyí tí ó kù nù. Èyí tí wọ́n dà nù náà ni ìpẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí mì gbogbo ìdílé ẹran lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kò tilẹ̀ sín. A ń béèrè pé kí ilé àkójọ ohun àtijọ́ gbogbo máa tọ́jú erùpẹ̀ tí ó kọjá asẹ́, pẹ̀lú orúkọ ibi tí a ti wà á àti bí ó ti jìn tó nínú ilẹ̀. A ń béèrè pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi odindi òkú dá ìran tuntun sílẹ̀ fi ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn ní títóbi, kí ó sì sọ oríkèé tí ó ti wá. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ìpẹ́ tí ó ti tú ká dá a sílẹ̀, kí ó mú ju ẹyọ kan lọ wá, ti ìdí apá àti ti ṣóńṣó.

Nínú ìwé 2018 kan náà ni Thuy àti Stöhr ti sọ ìran mìíràn tí ó ti run ní orúkọ, Melusinaster, láti inú òkúta ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Jùrásíìkì ní Luxembourg. Wọ́n mú orúkọ náà láti ara Melusina, obìnrin onírù ẹja inú ìtàn ìlú wọn, tí wọ́n ní ó fẹ́ olóyè wọn Siegfried. Ẹ̀yà méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọrí olórin obìnrin kan àti ẹgbẹ́ onílù rẹ̀, èyí tí àwa kò yìn, tí a kò sì bú. Ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó ti tú ká ni wọ́n gbé ìran náà kà. Ọmọ agbo Euryalida ni, ó sì wà láàárín ìgbà Aspiduriella àti ìgbà tiwa. Kí àwọn tí kò gba ẹ̀rí ìpẹ́ dìde wàyí, kí wọ́n sọ fún wa ibi tí wọ́n fẹ́ kí a kó o lọ: ṣé kí a dá a padà sínú amọ̀ tí a ti ṣà á ni, kí a sì sọ fún àwọn ọmọ wa pé ní gbogbo ìgbà Jùrásíìkì kò sí ẹran kankan ní ibẹ̀?